Fucoidan, sea moss, laminarin, alginate: èwo nínú ṣúgà inú òkun ló bá ohun tí ẹ fẹ́ mu?

Láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, a kò ní etí òkun. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja ni omi ńlá tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Síbẹ̀ koríko òkun ti wọlé wa: ó wà nínú ìgò gẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń polówó lórí WhatsApp, ó wà nínú kápúsù tí àwọn ọmọ tó wà l'Ábújá ń fi ránṣẹ́ sí ìyá wọn ní Mọ̀pà, ó wà nínú oògùn àyà títa ní kẹ́mísì, kódà ó máa ń wà nínú wàrà alágolo. Gbólóhùn kan náà ni àwọn tó ń tà á ń sọ: “Ó ń jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà.” Ẹni tó fẹ́ rà á á wá dúró níwájú mi, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, èwo ló dáa jù nínú wọn?”

Ẹ jẹ́ ká fi “èyí tó dáa jù” sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni irú ṣúgà tó wà nínú ìgò náà, irú sẹ́ẹ̀lì tó ń bá lò, àti ibi tó máa gbà wọ ara. Koríko òkun kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Omíràn wà tó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, omíràn wà tó ń dá a lọ́wọ́ kọ́, ẹyọ kan náà sì lè ṣe méjèèjì bí wọ́n bá gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ni.

Irú ṣúgà wo là ń sọ?

Yíyọ̀ tó máa ń fà lára ilá àti ewédú, ṣúgà ni. Kì í dùn lẹ́nu, torí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ ṣúgà ló so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, ikùn wa kò sì ní ohun tó lè já ẹ̀wọ̀n náà. Irú rẹ̀ ló wà lára koríko òkun. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú ti òkun ní súlífétì lára, èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú. Súlífétì yìí ló ń jẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ àwọn nǹkan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì wa, òun náà ló sì fa gbogbo ariwo tí àwọn onímọ̀ ń pa lórí rẹ̀.

Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, mẹ́ta ló máa wúlò fún wa níbí. Macrophage ni sẹ́ẹ̀lì ńlá tó máa ń gbé kòkòrò mì. Neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ sáré dé ojú ọgbẹ́, òun ló pọ̀ jù nínú ọyún tí a máa ń rí. NK ní tirẹ̀ máa ń pa sẹ́ẹ̀lì ara wa fúnra rẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ inú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní olùdámọ̀ lára, tí wọ́n fi ń mọ àjèjì yàtọ̀ sí ọmọ ilé. Bí nǹkan bá kan olùdámọ̀ yìí, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kẹ́míkà jáde láti pe àwọn yòókù.

Fucoidan àti sea moss

Àwọn méjì yìí ni wọ́n ń tà jù, àwọn náà ni àwọn ènìyàn ń pòpọ̀ jù, nítorí náà ibí ni màá ti pẹ́.

Ara koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ ni fucoidan ti ń wá: kombu, wakame àti mozuku tí àwọn ará Japan ń jẹ, pẹ̀lú Fucus tó ń hù ní etí òkun tútù ilẹ̀ Yúróòpù. Harald Kylin, ọmọ Sweden, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lọ́dún 1913. Sea moss ní tirẹ̀, koríko pupa ni. Ojúlówó rẹ̀ ni Chondrus crispus tó ń hù lórí àpáta etí òkun Ireland, carrageenan sì ni ṣúgà inú rẹ̀. Àmọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní sea moss lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe Chondrus. Gracilaria ni wọ́n ń bu sí òmíràn, agar ni ṣúgà tirẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dá kòkòrò sin nínú láàbù. Eucheuma tàbí Kappaphycus ló wà nínú òmíràn, irú èyí tí àwọn obìnrin Zanzibar ti ń gbìn sínú omi láti ọdún 1989. Ìgò méjì lè jọ wà lórí káńtà kan náà, kí orúkọ wọn bára mu, kí ṣúgà inú wọn má jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ yí ìgò náà padà, kí ẹ wá orúkọ Látìn koríko náà. Èyí tí n kò bá ti rí orúkọ yìí lára rẹ̀, mo máa ń dá a padà sórí káńtà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára sẹ́ẹ̀lì. Macrophage ní olùdámọ̀ kan tó máa ń gbá fucoidan mú ṣinṣin, scavenger receptor A ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó bá gbá a mú, sẹ́ẹ̀lì náà á jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú TNF jáde, kẹ́míkà tó ń pe àwọn yòókù wá sójú ìjà. Apá ibí yìí ni àwọn tó ń tà á fẹ́ràn láti máa sọ.

Apá tí wọn kì í sọ rèé. Kí ẹ̀jẹ̀ funfun tó lè jáde kúrò nínú iṣan lọ síbi tí àrùn wà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ máa yí gbirigbiri lára ògiri iṣan, àwọn èròjà tí ń jẹ́ selectin ló sì máa ń mú un lẹ́sẹ̀ títí á fi dúró. Fucoidan máa ń lẹ̀ mọ́ P-selectin àti L-selectin. Bí wọ́n bá gún un sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko, àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kì í rí ibi dì mú mọ́, wọ́n á kàn máa bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Ìdádúró nìyẹn, kì í ṣe ìtanijí. Ṣúgà kan náà ni o.

P-selectin yìí kan ọ̀pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, torí pé ó lọ́wọ́ nínú bí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ṣe máa ń dí nínú iṣan tí ìrora fi ń dé. Lọ́dún 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tó ń dí P-selectin, crizanlizumab, fún wọn. Lọ́dún 2023, Yúróòpù fagi lé ìyọ̀ǹda tirẹ̀, torí pé àyẹ̀wò ńlá kan kò fi hàn pé ó dín ìrora náà kù ju oògùn òfìfo, èyí tí kò ní èròjà kankan nínú, lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà, tí wọ́n ń fi sínú iṣan tààrà, ni a ń sọ yẹn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé kápúsù fucoidan á wo ọmọ yín sàn torí pé “ó ń dí P-selectin”, ẹ dá a lóhùn pé ẹ ti gbọ́, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ síbi tó ti ń gba ìtọ́jú.

Ẹ̀rí tó ṣeé dì mú jù lórí fucoidan tí ènìyàn gbé mì wá láti Japan lọ́dún 2013. Wọ́n kó 70 àgbàlagbà tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá 60 jọ, wọ́n ń fún àwọn kan ní 300 mg fucoidan tó wá lára wakame lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n ń fún àwọn yòókù ní òfìfo, lẹ́yìn náà ni wọ́n gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára influenza. Àǹtíbọ́dì àwọn tó gba fucoidan ga ju ti àwọn kejì lọ, iṣẹ́ NK wọn náà sì lọ sókè. Àǹfààní gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ràn lọ́wọ́: abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ara arúgbó kì í dáhùn sí abẹ́rẹ́ bíi ti ọ̀dọ́, òun ni fucoidan náà ti lẹ́yìn. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni fi kápúsù rọ́pò abẹ́rẹ́.

Ọ̀rọ̀ carrageenan tún lọ́jú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 1962 ni àwọn tó ń wá oògùn ara wíwú ti ń lo ọgbọ́n kan: wọ́n á gún carrageenan díẹ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ eku. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹsẹ̀ náà á pọ́n, á wú, neutrophil á rọ́ wọ ibẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ti fún eku náà ní oògùn tí wọ́n fẹ́ dán wò ṣáájú, wọ́n á wá wọn ẹsẹ̀ náà bóyá wíwú rẹ̀ dín kù. Títí di òní, ọgbọ́n yìí ṣì wà nínú láàbù káàkiri ayé. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n ń polówó fún wa pé ó ń mú ara le ni àwọn onímọ̀ ń lò láti fi mú ara wú! Ohun tí wọ́n ń pè ní títa sẹ́ẹ̀lì agbèjà jí gan-an nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ nígbà gbogbo. Ẹni tí oríkèé ara rẹ̀ ń wú tẹ́lẹ̀, tàbí tó ní lupus, àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì agbèjà fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà, ara tirẹ̀ ti jí jù.

Kí jìnnìjìnnì má wá bo yín nítorí wàrà alágolo. Gígún sínú ẹran ara yàtọ̀ sí gbígbé mì. Èyí tí wọ́n fi ń mú kí wàrà àti yìnyín dídùn ki, E407 ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀, àwọn àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ sì gbà á láyè. Èyí tí wọ́n ti fi ásíìdì àti ooru já wẹ́wẹ́, poligeenan, ló ń dá egbò sí ìfun ẹranko, kò sì sí lára èròjà oúnjẹ. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìfun àwọn tó ní àìsàn ìfun wíwú, torí pé nínú láàbù, carrageenan odindi náà ń kan olùdámọ̀ kan tí ń jẹ́ TLR4 lára sẹ́ẹ̀lì ìfun. Bí ìfun yín bá ń dà yín láàmú, ẹ dín in kù kí ẹ wò ó.

Ibi tí carrageenan ti tàn sí mi lójú ni imú. Lórílẹ̀-èdè Argentina, wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní iota-carrageenan tí wọ́n ń fín símú lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ fún ọjọ́ 21, nígbà tí Kòrónà ń jà. Nínú àwọn 196 tó fín in, méjì ló kó o. Nínú àwọn 198 tó fín omi lásán, mẹ́wàá ló kó o. Iṣẹ́ náà kò gba ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì agbèjà kọjá rárá. Ṣe ni ṣúgà náà tẹ́ sórí awọ inú imú tó sì mú fáírọ́ọ̀sì kó tó wọlé. Ẹ má sì rò pé ohun tó ṣiṣẹ́ nímú á ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Wọ́n dán gẹ́ẹ̀lì carrageenan tí ń jẹ́ Carraguard wò lára obìnrin tó lé ní 6,000 ní South Africa, bóyá ó lè dènà HIV lójú ara. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2008, kò ṣe wọ́n ní jàǹbá, kò sì dènà HIV. Nínú àwo láàbù, ó ti pegedé tẹ́lẹ̀ o.

Bó bá jẹ́ owó mi, tí ìyá mi bá ti pé 70, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni màá kọ́kọ́ wá kiri, tí owó bá ṣẹ́kù ni màá tó ronú fucoidan. Gẹ́ẹ̀lì sea moss, oúnjẹ ni mo kà á sí. Ẹni tó bá fẹ́ yíyọ̀ lásán, ilá ò wọ́n lọ́jà Kàbbà.

Àwo láàbù kì í ṣe ikùn

Ibi tí gbólóhùn “àwọn onímọ̀ ti fi hàn” ti máa ń wá nìyí. Wọ́n máa ń lo sẹ́ẹ̀lì eku kan, RAW 264.7, macrophage tí kì í gbó. Wọ́n á bu ú sínú àwo oníhò kéékèèké 96, omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n á kán ìyẹ̀fun koríko òkun tí wọ́n ti pò sí i, wọ́n á gbé àwo náà sínú àpótí tó móoru bí ara ènìyàn, á sì sùn síbẹ̀ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á bu omi orí rẹ̀, wọ́n á da kẹ́míkà Griess lé e. Ihò tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ bá jí á di pupa bí omi ìṣápá. Èyí tí kò jí á dúró láìláwọ̀. Bó bá ti pọ́n, ìwé ìmọ̀ ti jáde nìyẹn, olùtajà náà sì ti rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀. Bakitéríà máa ń gbé lára koríko òkun, ìdọ̀tí ara wọn tí ń jẹ́ endotoxin a sì máa bá ìyẹ̀fun náà lọ. Endotoxin yìí gan-an ni TLR4 mọ̀ jù láyé, ìwọ̀n bíńtín rẹ̀ tó láti mú gbogbo àwo pọ́n. Ìwádìí tí kò bá sọ bí wọ́n ṣe wẹ endotoxin kúrò, ẹ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìkejì ni pé àwo kò ní ìfun. Ìwọ̀nba kékeré ni fucoidan tí a gbé mì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kù á máa yí kiri nínú ìfun, níbi tí apá tó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì agbèjà wa ń gbé, tàbí kí bakitéríà inú ìfun ńlá jẹ ẹ́ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n jẹ. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé rí i pé bakitéríà inú àwọn ará Japan ti gba àbùdá tí wọ́n fi ń já porphyran, ṣúgà inú koríko òkun tí wọ́n ń pè ní nori, lọ́wọ́ bakitéríà òkun. Wọn kò rí i lára àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí n kì í fi gbé èsì ará Japan lé orí ẹni tó jẹ́ pé iyán ló fi dàgbà ní Ìjùmú, kí n sì sọ pé bó ṣe rí lọ́hùn-ún náà ló máa rí níbí.

Laminarin tàbí alginate?

Àwọn méjèèjì ò ní súlífétì.

Laminarin jẹ́ beta-glucan, ìbátan èyí tó wà nínú olú. Dectin-1 lára macrophage ni olùdámọ̀ tó ń mú un. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kúrú, nítorí náà ó sábà máa ń di Dectin-1 mú láìjẹ́ kó ké, débi pé àwọn onímọ̀ ń lò ó láti dí olùdámọ̀ náà pa. Ibi tó ti wúlò jù ni oko: nílẹ̀ Faransé, wọ́n ń fín in sára àlìkámà kí ewé fúnra rẹ̀ lè múra de àrùn. Ẹ má ra kápúsù rẹ̀.

Alginate, ẹ ti ń lò ó láìmọ̀. Òun ló wà nínú Gaviscon, tó máa ń di fọ́ọ̀mù léfòó lórí omi inú ikùn kí ásíìdì má bàa gun àyà. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣe báńdéèjì fún ọgbẹ́ tó ń ṣomi. Oríṣi ẹyọ ṣúgà méjì, M àti G, ló so pọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tí M pọ̀ nínú rẹ̀ ń mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun tú TNF jáde, èyí tí G pọ̀ nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é. Lójú ọgbẹ́ tó ń lọ́ra láti jiná, bí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, títanijí díẹ̀ lè ṣàǹfààní, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló yẹ kó yan báńdéèjì. Gaviscon tí ẹ bá mu, fún àyà títa ni o.

Kí ẹ tó sanwó

Fucoidan ń fa dídì ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn, nínú láàbù ó fẹ́ jọ heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó ń lo warfarin, tí òun náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún láìpẹ́, kó má fọwọ́ kàn án láìsọ fún dókítà. Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún, tó ń lo oògùn tó ń dá sẹ́ẹ̀lì agbèjà dúró, kó yẹra. Ẹni tó ń lo oògùn HIV, kó máa lo oògùn rẹ̀ lọ. Kò sí ṣúgà òkun kankan tó rọ́pò rẹ̀.

Ayodíìnì tún wà níbẹ̀. Àgbàlagbà nílò màíkírógíráàmù 150 lóòjọ́, iyọ̀ tí a ń rà lọ́jà sì ti ní in. Gíráàmù kan kombu gbígbẹ lè ní ju 1,000 lọ. Àìtó rẹ̀ ń fa gẹ̀gẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ náà lè fà á, ó sì lè ṣàkóbá fún ọmọ inú oyún. Ní ti hijiki, koríko òkun mìíràn, ìjọba Britain ti kìlọ̀ láti ọdún 2004 pé kí wọ́n má jẹ ẹ́ mọ́, torí májèlé arsenic inú rẹ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì ka èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò, ìforúkọsílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Gẹ́ẹ̀lì inú ìgò sì tún ní wàhálà tirẹ̀: inú fíríìjì ló yẹ kó máa gbé. Bí iná kò bá dé fún ọjọ́ méjì ní àdúgbò yín, tí ìdérí rẹ̀ wá wú, tó ń rùn kíkan, ẹ dà á nù. Ó dùn mí bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ènìyàn ń mu ún nítorí owó tí wọ́n ti fi sí i.

Ẹ̀yin tó ń sin adìyẹ

Ulvan ni ẹ máa gbọ́, láti ara Ulva, koríko òkun aláwọ̀ ewé. Nínú láàbù, ó ń kan TLR2 àti TLR4 lára heterophil adìyẹ, sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe irú iṣẹ́ neutrophil lára àwọn ẹyẹ, wọ́n sì ti ń tà á gẹ́gẹ́ bí àfikún oúnjẹ ẹran nílẹ̀ òkèèrè. Láàárín gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, n kò ní bá àgbẹ̀ tó bá fẹ́ dán an wò jà, bó bá lè ya adìyẹ sọ́nà méjì, kó fún apá kan, kó má fún apá kejì, kó sì kọ iye tó kú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n LaSota, àjẹsára àrùn adìyẹ tí ń jẹ́ Newcastle, ni kó kọ́kọ́ fún gbogbo wọn kí ọyẹ́ tó dé, torí àsìkò ọyẹ́ ni àrùn náà máa ń jà jù. Inú fúláàsì tó ní yìnyín ni kí ó ti gbé e láti Kàbbà dé Ìsánlú, kí ó po wàrà oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sómi mímu wọn kó tó da LaSota sí i, kí omi náà má ní kílórììnì, kí àwọn adìyẹ sì ti mu ún tán kí oòrùn tó mú.